Ẹ Má Fi Orúkọ Mi Ta Èbúté

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kan bá ọmọkùnrin kan níbi tó ti ń sùn ní kíláàsì wa. Ó fi ìka kan tábìlì rẹ̀, ó ní, "Máa sùn o. Bí o bá sùn tán, kí o lọ máa pẹja." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ni ẹ̀rín náà wá korò lẹ́nu mi. Owó ilé-ìwé tí mo fi jókòó ní kíláàsì yẹn, láti inú àwọ̀n yẹn ló ti jáde. Mo ti bá wọn fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láìmọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Apẹja ni bàbá mi. Ìyá mi ń yan ẹja, wọ́n sì ń tà á ní ọjà Olúwo. Ìdílé wa ní èbúté kékeré kan tí a jogún. Kò fẹ̀ ju ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Igi àgbọn mẹ́ta wà níbẹ̀, àti àtíbàbà kan tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, àti ààrò mẹ́rin tí àwọn obìnrin ilé wa fi ń yan ẹja. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ ilé wa nìkan ló ni wọ́n. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan tó ń ra ilẹ̀ kiri wá bá àwọn àgbà ilé, ó ní òun fẹ́ ra èbúté náà. Ìdílé ti ṣèpàdé lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìpàdé kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń bu omi fún àwọn àgbà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí ọmọ yìí? Orí rẹ̀ pé. Owó èbúté la ó fi rán an lọ sí yunifásítì. Nínú wọn, ta ni yóò tún padà wá ṣe iṣẹ́ omi?" Àwọn àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

N kò sọ̀rọ̀. Wọn kò pè mí sí ìpàdé, omi ni wọ́n ní kí n gbé wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dárúkọ mi, ẹni tí a bá sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe nǹkan, ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà kan náà ló kọ́ mi pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ẹ má fi orúkọ mi ta èbúté.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ìlú etí omi ní ìlú ẹ̀yìn kò mọ ibi tí ọ̀nà gbà wọ ilẹ̀ yìí. Kí títì tó dé, omi ni títì. Ní 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ojú omi ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí wọ́n bá nílé gbà wọ́n. Títí di òní, ìlú wa ní apá méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ní 1854, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó lé Kòsọ́kọ́ ló tún wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ òwò tó ń gba ojú ọ̀sà kọjá. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ kò bá a padà. Ìran wọn ló ń ṣe ọdún Kayókayò lẹ́yìn Iléyá. Ní 1892 náà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bá Ìjẹ̀bú jà, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun wọn ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó forí lé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú tí ọba sá wọ̀, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ tún wá bá a ṣe àdéhùn níbẹ̀, ṣé ìlú ẹ̀yìn nìyẹn?

Ìtàn yìí ló dá ìwà wa. Ìlú etí omi kì í lè ti ìlẹ̀kùn, nítorí omi kò ní ìlẹ̀kùn. Ní èbúté wa nìkan, èdè Ìjẹ̀bú, èdè Èkó, ti àwọn Ìlàjẹ àti ti àwọn Ègùn ni mò ń gbọ́ kí n tó lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀. Wọ́n ń jà nítorí ibi tí oníkálùkù yóò da àwọ̀n sí, òótọ́ ni. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n sì ń bú ìyá ara wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí n kò tíì rí ẹni tó rú u: bí ọkọ̀ bá dojú dé, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí yóò fi àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kódà bí ẹja bá kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ọmọ ibi tí ẹni tó wà nínú omi ti wá. Ní ilé-ìwé, wọ́n ń kọ́ wa nípa ìṣọ̀kan àwọn ẹ̀yà. Mo ti rí i lójú omi kí n tó kà á nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí owó ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní èbúté náà kò mú nǹkan kan wọlé, pé ilẹ̀ lásán ni. Mo mú ìwé kékeré kan, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan ka àwọn tó ń jẹun lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ bàbá mi. Bàbá mi nìyí, àti ọmọkùnrin méjì tó ń bá wọn wa ọkọ̀. Obìnrin tó ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ wọn létí omi wà níbẹ̀. Ìyá mi ń yan ẹja, ọmọbìnrin méjì sì ń bá wọn fọ̀ ọ́. Ẹnì kan ń ta igi ìdáná fún wọn, ẹnì kan ń hun agbọ̀n, ẹnì kan ń ta epo ẹnjìnì, ẹnì kan ń tún ẹnjìnì ṣe, ẹnì kan ń ta yìnyín. Ọlọ́kadà ló ń gbé ẹja lọ sọ́jà. Alájàpá kan sì ń ti Èkó wá rà á. Àwọn mẹ́rìnlá nìyẹn, n kò sì tíì ka gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté tí wọ́n ní kò mú nǹkan kan wọlé. Òótọ́ ni pé àwọn ọkọ̀ kan jọ ń lo ọlọ́kadà kan náà àti ayan-ẹja kan náà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, kí ẹ wá sọ fún mi iye ẹnu tó ṣẹ́kù.

Ẹni tó fẹ́ ra èbúté yóò san owó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ilé mẹ́fà ni yóò pín in. Àwọn tó ń hun agbọ̀n kò sí nínú ìpín. Obìnrin tó ń ra ẹja tútù kò sí nínú ìpín. Àwọn Ìlàjẹ tí ọkọ̀ wọn ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá mi kò sí nínú ìpín. A ó pín owó, a ó ná an, ní ọdún kejì ọmọ tí a fi owó náà rán lọ sí yunifásítì yóò ṣì nílò owó oúnjẹ. Ibo ni ìyá mi yóò ti rí i, nígbà tí kò bá sí ibi tí ọkọ̀ yóò gún sí?

Àwọn kan yóò ní ayé omi ti kọjá. Wọ́n á fi Ejìnrìn bá wa wí. Mo mọ ìtàn Ejìnrìn. Ìlú etí ọ̀sà ni bíi tiwa. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ọjà Ejìnrìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tó lókìkí jù lọ ní gbogbo etí ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò Èkó ń gba ojú omi wá síbẹ̀ láti ra epo pupa àti oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, títì mọ́tò tẹ̀ lé e, àwọn ẹrù gba ọ̀nà mìíràn, ọjà ńlá náà sì dín kù. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Títì ti pa omi."

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ejìnrìn kọ́ wa ni pé ìlú tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà kan ṣoṣo yóò jìyà bí ọ̀nà náà bá yí padà. Ẹ̀pẹ́ ní títì, ó sì ní omi, ìdí nìyẹn tí ọjà wa fi ṣì ń kún. Nísinsìnyí wọ́n fẹ́ kí a ta omi kí a wá gbẹ́kẹ̀ lé títì nìkan. Ohun tó ṣe Ejìnrìn ni wọ́n fẹ́ kí a fọwọ́ ara wa fà wá sílé, láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Bí ayé omi bá ti kọjá lóòótọ́, kí ni àwọn olówó ń wá létí omi? Ní oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun ńlá ti Lẹ́kí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, létí òkun, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá iṣẹ́ òjíṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọrọ̀ inú omi nìkan. Gbogbo èèyàn ń sáré bọ̀ wá sétí omi, àwa tí a bí síbẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé ọjà rẹ kò dára, tí kò sì kúrò nídìí àtẹ rẹ, ó mọ ohun tó ń wá.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ o, nítorí àròkọ tó bá ń gbèjà nǹkan tí kò sọ àbùkù rẹ̀, ìpolówó ọjà ni. Ẹja ti dín kù. Ìyá mi ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ délé ọkọ, ọ̀bọ̀kún tí wọ́n ń yan gùn ju ọwọ́ wọn lọ láti ìka dé ìgúnwọ́. Èyí tí à ń yan báyìí, àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á. Ta ló fà á? Mo fẹ́ kí n lè sọ pé àwọn àlejò nìkan ni. Irọ́ ni. Àwọn kan láàárín wa ń fi oògùn apakòkòrò pẹja. Wọ́n á dà á sómi lóru, ẹja ńlá àti ọmọ ẹja á jọ léfòó, wọ́n á ṣa èyí tó tóbi, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà, wọ́n á sì kó èyí tí wọ́n ṣà wá fún wa jẹ. Àwọn kan ń lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwa ọmọ ilé-ìwé náà ń mu omi inú ọ̀rá, a sì ń ju ọ̀rá rẹ̀ sí gọ́tà. Gọ́tà kò mọ ibòmíràn tí yóò gbé e lọ ju ọ̀sà lọ. Mo ti rí bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí kan yọ ọ̀rá kúrò lára àwọ̀n, wọn kò sì rí ẹja mẹ́wàá nínú rẹ̀.

Àwọn tí ń wa iyanrìn náà wà níbẹ̀. Èkó ń kọ́lé lójoojúmọ́, ilé sì nílò iyanrìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí omi kò ti jìn, tí koríko wà, ni ẹja máa ń yé ẹyin sí. Bí ẹ̀rọ bá fa iyanrìn ibẹ̀ jáde, ó di kòtò, omi á rú, ẹyin á bàjẹ́. Ìdọ̀tí mìíràn sì ń ti òkè wá bá wa. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bọ ní Òṣogbo, inú ọ̀sà Lẹ́kí ló ń ṣàn sí, ìyẹn ni ọ̀sà tó wà ní ìlà-oòrùn wa. Nígbà tí àwọn tó ń wa wúrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ omi odò náà di àwọ̀ amọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ Òṣogbo nìkan ni. Omi kì í dúró sí ìlú kan. Ẹni tó bá da nǹkan sí i lókè, àwa tí a wà nísàlẹ̀ la ó bu ú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe, ọwọ́ èèyàn lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, a kì í bẹ́ orí, oògùn là ń wá. Tí a bá ta èbúté nítorí pé ẹja dín kù, ta ni yóò wà níbẹ̀ láti lé ẹni tó ń da oògùn sómi? Àwọn apẹja ni ọlọ́pàá omi. Ọjọ́ tí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí yóò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ ni èyí tí bàbá mi sọ fún mi. Lẹ́yìn ìpàdé kejì, mo lọ bá wọn ní abẹ́ àtíbàbà, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí wọ́n tà á?" Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n so ojú àwọ̀n bíi mẹ́ta kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kí omi mú ọ." Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àbúrò wọn, tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀, lọ sí ojú omi ní àṣálẹ́ kan nígbà òjò, wọn kò sì rí i títí di ọjọ́ kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí ni pé ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sí etí omi, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun dìde.

N kò ní ẹnu láti fi sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ omi kò léwu. Ó léwu. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́. Omi ni gbogbo wa dàgbà sí etí rẹ̀. Kí ló dé tí kò sí ẹnì kan tó kọ́ èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Kí ló dé tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ láti ìlú kan sí èkejì láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì? Àbúrò bàbá mi mọ omi, òjò àti òkùnkùn ni kò jẹ́ kó padà. Bí ẹ̀wù yẹn bá wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá wọn ì bá rí i láàyè. Ọ̀nà mọ́tò náà ń pa èèyàn lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ní kí a ta títì. Òfin ìrìnnà la ṣe fún un. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi pẹ̀lú.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti wọlé. Olùkọ́ wa kì í ṣe èèyàn búburú. Ó fẹ́ kí a kàwé ni. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ wa pé ìwé àti omi jẹ́ ọ̀tá ara wọn, pé ẹni tó bá ní ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní èkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí bàbá mi mọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà ní ìlà-oòrùn wa kò níyọ̀, nítorí odò ló ń ṣàn sínú rẹ̀. Ọ̀sà Èkó tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, omi òkun máa ń wọ inú rẹ̀. Àárín méjèèjì la wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á sún mọ́ wa. Nígbà òjò, odò á tì í padà. Bàbá mi á fi omi kan ahọ́n, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì sọ irú ẹja tí yóò wà níbẹ̀ àti irú àwọ̀n tó yẹ. Ìyá mi mọ igi tí èéfín rẹ̀ ń mú ẹja pọ́n dáadáa àti èyí tó ń mú un korò. Bí èèyàn kan bá ti ìlú òyìnbó dé tó sì sọ nǹkan wọ̀nyí, dókítà la ó máa pè é.

Ní ilé-ìwé, mo kọ́ bí ẹja ṣe ń mí, mo yàwòrán rẹ̀, mo sì gba máàkì. Etí omi kò jìnnà sí ilé-ìwé wa, àmọ́ wọn kò mú wa débẹ̀ rí. Mo fẹ́ lọ sí yunifásítì, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ìmọ̀ nípa omi àti ẹja ni mo fẹ́ kà. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Èkó. Láti 1975 sì ni ìjọba ti dá ilé ìwádìí nípa òkun àti ẹja sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó sùn ní kíláàsì. Kí ni n ó wá fi ìwé tí mo bá kà ṣe, bí mo bá padà dé tí mo bá ògiri gíga níbi tí ọkọ̀ bàbá mi máa ń gún sí?

Ẹ̀yin àgbà ilé wa, n kò wá kan bá yín jà, mo mú àbá wá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń gúnlẹ̀ sí èbúté máa san owó táṣẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Èmi yóò kọ ọ́, ìwé tí mo fi ka àwọn mẹ́rìnlá ṣì ní ojú ewé tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi díẹ̀ nínú owó náà tún ààrò ṣe, kí èéfín yé ba ojú àwọn ìyá wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi díẹ̀ ra ẹ̀wù ìléfòó fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá da oògùn sómi kò ní gúnlẹ̀ sí èbúté wa mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé wa. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, ní adágún Nokoué níbi tí ìlú Ganvié wà, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi kí ẹja lè rí ibi sá sí kí wọ́n sì bí sí i. Èyí kò gba owó ńlá. Ó gba sùúrù, ó sì gba kí èbúté ṣì jẹ́ tiwa.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má fi iṣẹ́ òbí wa dẹ́rù bà wá mọ́. Ẹ mú wa lọ sétí omi. Ẹ pe ẹnì kan nínú àwọn bàbá wa wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ wa.

Ní ti owó yunifásítì, mo ti rò ó. N ó ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí mo bá rí. Bí n kò bá yege, n ó jókòó ti ìyá mi nídìí ààrò fún ọdún kan, kí a fi owó ẹja pa owó ìwé jọ. Ó lè jẹ́ ọdún méjì. Ó wù mí kí n tètè lọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kàwé lórí ebi àwọn tó ń hun agbọ̀n.

Ìpàdé kẹta ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. N ó wà níbẹ̀, n ó sì tún bu omi fún àwọn àgbà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, bí ó ti yẹ. Bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀, n ó ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá sì tà á náà, ilẹ̀ wọn ni, àwọn ni àgbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n: nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìdí tí wọ́n fi tà á, kí wọ́n wá ìdí mìíràn kọ. Kí wọ́n má kọ orúkọ mi.